Ẹ Má Tíì Gba Bọ́ọ̀lù Lọ́wọ́ Ọmọ Yẹn

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Bí sáà bá parí tí ọmọ gbé èsì ìdánwò délé, tí a wò ó tí a rí i pé ẹni tó ṣe ipò kẹfà níjọ́sí ti bọ́ sí ipò kejìdínlógún, kí ni a kọ́kọ́ máa ń fòfin dè? Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n, torí gbogbo ilé la jọ ń wò ó. Kì í ṣe fóònù, torí òun la fi ń pè é nígbà tí a bá wà lọ́jà. Bọ́ọ̀lù ni. Ijó ni. Ẹgbẹ́ akọrin ni, tàbí ẹgbẹ́ oníròyìn ilé ìwé, tàbí ìlù tó ń kọ́ ní Sátidé. "Bọ́ọ̀lù tí ò ń gbá kiri yìí ló fà á. Ó tán lónìí!" Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu wa kí a tó ka káàdì náà dé ìsàlẹ̀, níbi tí olùkọ́ kíláàsì kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí.

Mi ò ní ẹ̀rù wa ò nídìí. Ẹni tó kó àjọ kó tó rí owó ilé ìwé san kò lè fojú kékeré wo èsì. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni yunifásítì ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì sábà máa ń wà lára rẹ̀, JAMB tún wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú 400 máàkì tirẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bi ọmọ léèrè iye góòlù tó gbá wọlé. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni bóyá eré ló gba àkókò ìwé lóòótọ́, àbí nǹkan mìíràn ló gbà á, tí a wá di ẹ̀bi ru eré nítorí pé òun ló rọrùn jù láti mú.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa, JSS3 ló wà nígbà náà, tó ń fọn tróńpẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ Boys' Brigade ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọjọ́rú àti Sátidé ni wọ́n máa ń pàdé. Ọ̀gá wọn kì í gbọ́ àwáwí: aago mẹ́rin ni aago mẹ́rin, ẹni tó bá pẹ́ yóò dúró síta máa gbọ́ bí àwọn tó kù ṣe ń fọn ún. Mo máa ń yà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì wò wọ́n bí mo bá ń ti ọjà bọ̀. Ọmọ yìí á gbé fèrè sẹ́nu, kò sì ní tíì fọn ún. Á máa fi orí ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ètè rẹ̀ á máa mì, ó ń ka iye ìgbà tí onílù gbọ́dọ̀ lù kó tó kan òun. Bó bá wọlé ṣáájú àsìkò, ọ̀gá á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ariwo, kò sí èébú. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tún un ṣe, títí ilẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mo máa ń rò ó pé ká ní báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, pé bí o bá ṣì í kí o padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láìsí pé ẹnì kan ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, bóyá ẹ̀rù ìṣirò ì bá má ba ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Nígbà tí èsì sáà kejì jáde, máàkì ìṣirò ọmọ náà ti já wálẹ̀ pátápátá. Ìyá rẹ̀ kó tróńpẹ́ẹ̀tì sínú àpótí, ó tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Sáà kẹta dé, máàkì tún lọ sílẹ̀ sí i. Ní Ọjọ́rú tí kò lọ síbi fèrè mọ́, ìwé kọ́ ló ń kà: ìyá wà ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá wà lójú ọ̀nà Èkó, òun àti fóònù nìkan ló wà nílé. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ló tó tú àṣírí ọ̀rọ̀. Olùkọ́ ìṣirò kíláàsì wọn ti japa láti oṣù kìíní, wọn ò sì tíì rí ẹni fi rọ́pò rẹ̀. Gbogbo kíláàsì ló fìdí rẹmi, àti ọmọ tó ń fọn fèrè, àti ọmọ tí kò fọwọ́ kan fèrè rí láyé. Ṣùgbọ́n ní ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti mú ọ̀daràn tiwọn: níbì kan bọ́ọ̀lù, níbì kan ijó, níbì kan ọ̀rẹ́ tó ń wá sílé. Nígbà tí ìyá máa fi tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, ọ̀gá ti fi ẹlòmíràn sí àyè ọmọ náà.

Ohun tó ká mi lára jù níbẹ̀ kì í ṣe fèrè. Yàtọ̀ sí àwọn òbí rẹ̀, ọ̀gá Brigade yẹn nìkan ni àgbàlagbà tó mọ ọmọ yìí dáadáa. Nínú kíláàsì tí ọmọ kún bámúbámú, tí ẹni mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì, olùkọ́ lè má mọ̀ pé ọmọ kan ò jẹun wá. Ẹni tó ń kọ́ni ní fèrè á mọ̀, torí èémí ni fèrè ń gbà. Bí ọmọ bá ń ronú, bí ó bá ń ṣàìsàn, bí wọ́n bá jà nílé mọ́jú, yóò hàn nínú bó ṣe ń fọn ún. Nígbà tí a yọ ọmọ kúrò níbẹ̀, ojú yẹn ni a yọ kúrò lára rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń rí ni pé ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ kan tàbí eré kan nílé ìwé máa ń ní máàkì tó dáa ju ti ọmọ tí kò sí nínú nǹkan kan lọ, kì í sì í tètè pa ilé ìwé tì. Bí a bá gbọ́ èyí, ó lè ṣe wá bíi ká sáré lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ níbi mẹ́rin. Ẹ rọra ná. Ta ni ọmọ tó ń lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé? Ọmọ tí ẹnì kan lè fi mọ́tò wá gbé ni, tí iná wà nílé wọn lálẹ́, tó jẹun kánú kó tó jáde láàárọ̀. Ọmọ yẹn ì bá mọ̀wé bí kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan omi rí. Àwọn wo sì ni olùkọ́ máa ń kó lọ síbi dìbéètì? Àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ti yọ̀ mọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀ ni. Pé eré àti máàkì jọ ń rìn kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn nítorí pé kò pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Jacquelynne Eccles àti Bonnie Barber ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999, lórí àwọn ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń tọpasẹ̀ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré. Àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá fẹ́ràn ilé ìwé ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, máàkì wọn sì dáa. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan náà ló tún ń mu ọtí jù. Àwọn tó ń lọ sí ìjọ tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ láwùjọ kò rí bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Máàkì wọn dáa, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìta. Bọ́ọ̀lù kọ́ ló ń da ọtí sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a, àti ibi tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbá a tán, lọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà ti sọ ti àgùntàn tó bá ajá rìn, mi ò ní tún un sọ. Ohun tí mo ń bá bọ̀ ni pé nígbà tí a bá ń béèrè bóyá ká jẹ́ kí ọmọ wọ ẹgbẹ́ kan, orúkọ eré náà ló kéré jù nínú ohun tó yẹ ká béèrè.

Àwọn òbí kan sì wà ní òdìkejì, pàápàá àwa tí a ní owó díẹ̀ lọ́wọ́. Àwa kì í gba eré lọ́wọ́ ọmọ. A máa ń rà á fún un bí ẹni ń ra oògùn. Chess ní Mọ́ńdè kí ọpọlọ lè jí pépé, dùùrù ní Túsìdeè kí ìṣirò lè wọlé, rọ́bọ́ọ̀tì ní Fúráìdeè torí pé ọmọ ọ̀gá wa ń ṣe é. Ní England, wọ́n ti dán ti chess wò gan-an. Wọ́n lo nǹkan bí 100 ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Níbì kan wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ní chess fún 30 wákàtí, níbòmíràn wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa bá ẹ̀kọ́ wọn lọ bó ṣe wà. Lẹ́yìn ọdún kan wọ́n fún gbogbo wọn ní ìdánwò ìṣirò. Èsì rẹ̀ jáde ní 2016: wọn ò rí i pé chess fi nǹkan kan kún ìṣirò wọn. Ti orin sàn díẹ̀. Glenn Schellenberg fi àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà 144 ṣe tirẹ̀ ní Toronto, àwọn kan kọ́ orin, àwọn kan kọ́ eré orí ìtàgé, àwọn kan kò kọ́ nǹkan kan. Nínú ohun tó tẹ̀ jáde ní 2004, àwọn ọmọ olórin fi díẹ̀ lékè nínú ìdánwò làákàyè, díẹ̀ náà kò sì tó ohun tí à ń torí rẹ̀ yá owó. Àwọn ọmọ orí ìtàgé ní tiwọn kò lékè nínú làákàyè, ṣùgbọ́n ìwà wọn láàárín ẹgbẹ́ dáa sí i. Bí ẹ bá bi mí, èyí kejì ni màá mú.

Ṣé chess wá di asán nìyẹn? Ẹ wo Túndé Ọnàkọ̀yà. Ìkòròdú ló dàgbà sí, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti kọ́ chess. Owó ilé ìwé girama ò sí, ìyá rẹ̀ lọ ń ṣe ìmọ́tótó nínú ilé ìwé kí wọ́n lè gba ọmọ náà wọlé. Ó lọ Yabatech, ó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní 2018 ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ibi tí a kì í fẹ́ fẹsẹ̀ kọjá, ó sì ń wá owó ilé ìwé fún wọn. Ní oṣù kẹrin 2024, ó jókòó sí Times Square ní New York, ó ta chess fún 60 wákàtí. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé chess ló fi máàkì kún ìṣirò rẹ̀. Ohun tó ṣe fún un, tó sì ń ṣe fún àwọn ọmọ yẹn, ni pé ó sọ wọ́n di ẹni tí àgbàlagbà kan ń dúró dè. Bí máàkì ìṣirò la ń wá, ẹ jẹ́ ká wá a nínú ìṣirò: ká wá ẹni tó máa jókòó ti ọmọ, ká béèrè bóyá olùkọ́ wà ní kíláàsì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ́jọ́ lórí lè máa sọ pé, "Ìyá yìí, ṣé o ti gbàgbé 1980 ni?" Mi ò gbàgbé. Ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, nínú àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà, Nàìjíríà na Algeria 3–0, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé nínú rẹ̀. Ó ti ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Poli Ìbàdàn nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars. Adokiye Amiesimaka wà nínú ikọ̀ kan náà, ìmọ̀ òfin ló kà ní Yunifásítì Èkó, nígbà tó yá ó di kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Henry Nwosu tó kéré jù nínú wọn, St Finbarr's ní Akoka ló ti wá, ilé ìwé tí Fadá Slattery ará Ireland dá sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ròkè nínú ìwé àti nínú bọ́ọ̀lù. Ìtàn yẹn dùn. Àmọ́ mi ò fẹ́ ká fi í tan ara wa jẹ. Àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù nígbà ayé wọn tí wọn ò rí ìwé, tí wọn ò sì rí bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìròyìn. Ohun tí mo rí mú nínú rẹ̀ kò ju pé ojoojúmọ́ ayé ní wákàtí tó lè gba méjèèjì, bí ẹnì kan bá bá ọmọ ṣètò rẹ̀.

Ṣíṣètò yẹn lójú òbí ló ṣòro. Tóbi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, olùkọ́ ni bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé ìwé ni wọ́n fẹ́ kí òun gbájú mọ́, pé bàbá òun kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa eré sísá, ìyá òun ló ń bá òun bò ó mọ́lẹ̀ tí òun fi ń ráyè lọ sí pápá. Ní oṣù keje 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá eré àfodènà 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, kò sì sí obìnrin tó sá a báyẹn rí láyé. Ẹ má jẹ́ ká bú bàbá rẹ̀. Bí èmi náà bá jẹ́ olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo mọ ohun tí owó oṣù olùkọ́ lè rà, tí ọmọ mi obìnrin ní òun fẹ́ máa fo igi, n kò mọ ohun tí ẹnu mi ì bá sọ. Ohun tó wù mí láti fà yọ ni pé eré náà ló gbé e dé yunifásítì ní El Paso ní Texas, níbi tó jẹ́ pé ẹni tí máàkì rẹ̀ bá já bọ́ kò ní rí àyè sáré.

Texas yẹn náà ní ẹ̀kọ́ fún wa. Ní 1984, wọ́n ṣe òfin kan níbẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé: ẹni tí kò bá gba 70 nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ní bá wọn díje fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìbáà ṣe bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ onífèrè. Ariwo ta, torí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́dọ̀ wọn. Ní 1995 wọ́n wá rọ òfin náà: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di mẹ́ta, ọmọ tí wọ́n dá dúró sì lè máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìgbaradì, kó má kàn tíì wọ pápá ìdíje. Ìdajì òfin yìí wù mí gan-an. Ó jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ìwé wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì ní ọjọ́ tó máa parí. Ẹ fi í wé "Ó tán lónìí!" tiwa, tí kò ní ọ̀sẹ̀, tí kò ní oṣù, tí ọmọ kò mọ ohun tó lè ṣe kó fi padà. Ọmọ tí a sọ fún pé, "O ò ní gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a óò jọ wo ìwé ìṣirò rẹ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí o bá ti ṣe é bó ṣe yẹ, máa lọ," ọmọ yẹn ní ohun tó ń lé. Ìdajì kejì, ìyẹn gbígba eré lọ́wọ́ ọmọ, ni mi ò fara mọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé nítorí bọ́ọ̀lù nìkan ló ṣe ń jí lọ sí ilé ìwé, bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù tó máa gbé e dìde? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká wo aago, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan ní Èkó, tàbí ní Ìbàdàn wa níbí, jí ní aago márùn-ún kí bọ́ọ̀sì ilé ìwé má bàa fi í sílẹ̀. Ó ń tòògbé nínú bọ́ọ̀sì. Ilé ìwé parí ní aago méjì ààbọ̀, lẹ́sìn bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́ta, ó parí ní mẹ́rin ààbọ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú un, ó délé ní mẹ́fà. Ó wẹ̀, ó jẹun, iṣẹ́ àṣetiléwá bẹ̀rẹ̀, NEPA mú iná lọ, ó dúró de jẹnẹrétọ̀, ó sùn ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni oorun rẹ̀. Àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà sọ pé wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló yẹ ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí méjìdínlógún, pé àwọn tó kéré sí i, láti ọdún mẹ́fà dé méjìlá, nílò mẹ́sàn-án sí méjìlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé tún fi kún un pé kí ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́tàdínlógún máa fi ara ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan lójúmọ́, eré tó ń mú èémí yára. Nínú ọjọ́ ọmọ tí mo kà sílẹ̀ yìí, níbo ni eré wà? Kò sí. Bí máàkì rẹ̀ bá sì já bọ́, lẹ́sìn la máa fi kún un.

Ẹ jẹ́ kí n dúró sórí lẹ́sìn díẹ̀, kó má jẹ́ pé mò ń sá fún un. Lẹ́sìn tó dára wà, mo mọ àwọn ọmọ tó gbà là. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ ni pé olùkọ́ kan náà, nínú kíláàsì kan náà, ń kọ́ àwọn ọmọ kan náà ní ohun tí kò ráyè kọ́ wọn tán láàárọ̀, a sì sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá fẹ́ wá wákàtí tí a máa gbà padà fún oorun, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò kí n tó fọwọ́ kan Ọjọ́bọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

Owó náà wà níbẹ̀, a ò lè ṣe bí ẹni pé a ò rí i. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni ìgboro wà nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún ìdílé kan. Ibi tí mọ́tò olùkọ́ ń páàkì sí náà ni pápá ìṣeré. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á háyà pápá fún íntà-háòsì, wọ́n á ní ká ra jẹ́sì aláwọ̀ ewé tàbí pupa, àwọn ọmọ á fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan, ọjọ́ kan péré ni gbogbo rẹ̀ á fi tán. Èyí kọ́ ni mò ń sọ o. Fún ìyókù, taekwondo lówó tirẹ̀, ballet lówó tirẹ̀. Ilé ìwé ìjọba ló sì sábà máa ń ní pápá gbalasa, pẹ̀lú koríko tó ga dé orúnkún, láìsí bọ́ọ̀lù, láìsí kóòṣì. Bí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá ń wá ohun tí wọ́n máa fi owó kékeré ṣe, ẹni tó máa gé koríko yẹn àti olùkọ́ kan tó máa dúró títí di aago márùn-ún ló yẹ kó wà lókè. Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè kò ná wa ní nǹkan kan. Dìbéètì kò ná wa ní nǹkan kan. Ẹgbẹ́ akọrin ń fẹ́ ohùn, ohùn sì wà.

Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà lẹ́yìn ilé ìwé ńkọ́? Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìyẹn kò ní nǹkan kan nínú. Ọmọ tó mọ bí a ṣe ń fún oníbàárà ní ṣéńjì láìlo kakulétọ̀ ti ń ṣe ìṣirò. Àmọ́ bí ọjà bá ń gbà á di aago mẹ́sàn-án alẹ́, wákàtí oorun kan náà ló ń jẹ, kò sì tún ní ẹgbẹ́ níbẹ̀. Tí ipá wa bá ká a, ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún un. Èyí tún kan àwọn ọmọbìnrin wa ju bí a ṣe ń gbà lọ. Mo ti rí i nínú ilé tó ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ síbi bọ́ọ̀lù, a ní kó tètè dé, àbúrò rẹ̀ obìnrin ní òun fẹ́ lọ síbi ìgbaradì eré sísá, a ní ta ló máa gbá ilé, ta ló máa gbé ọbẹ̀ kaná. Nígbà tí èsì bá dé, a tún fi wọ́n wé ara wọn.

Ní ti SS3, mo mọ̀ pé a ò ní fohùn ṣọ̀kan. Ilé ìwé púpọ̀ ló ń pa gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́ fún wọn láti sáà kejì nítorí WAEC. Ó yé mi. Èmi á kàn fi ẹyọ kan sílẹ̀, èyí tí ọmọ bá fúnra rẹ̀ yàn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó sì dúró pátápátá nígbà tí ọ̀sẹ̀ ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Fún àwọn tó kéré, ẹyọ kan tàbí méjì tó. Mẹ́rin jẹ́ ti òbí, kì í ṣe ti ọmọ.

Bí sáà tuntun bá wọlé, wọ́n á fún wa ní fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́, kí ọmọ mú èyí tó bá wù ú. Kí a tó fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ ká béèrè orúkọ olùkọ́ tó máa wà pẹ̀lú wọn, ọjọ́ tí wọ́n ń pàdé, aago tí wọ́n ń túká, àti ẹni tí ọmọ máa bá rìn délé. Ká gba nọ́ńbà olùkọ́ náà, ká sì fún un ní tiwa. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé máàkì já bọ́, ká pè é kí a tó pe ọmọ, torí ó ṣeé ṣe kó ti rí ohun tí àwa kò tíì rí.